Erin ṣì wà ní igbó Omo

Ìròyìn kan ní àgbẹ̀ kan sọ pé òun rí erin ní igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irọ́ ló ń pa, tí ẹ ní kò sí erin níbẹ̀ mọ́, ẹ rọra o. Mo ti gbé abà kòkó létí igbó yẹn rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ìgbẹ́ erin tó ṣì ń rú èéfín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ti di wóówóó, omi sì kún ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí abọ́. Bàbá ní ká má pariwo, ká yí pa dà. Láti 1925 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀. Àwa la wọlé tọ erin. Ẹni tó ń bèèrè fídíò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣé ó ti rí erin tó na etí sí i rí?