Ọmọ Oǹdó ni mí, àmọ́ Orlando Owoh ni mo yàn

Ní Sátidé tó kọjá, níbi òkú àgbà kan tí a sin ní ìlú Oǹdó, díjéè tí wọ́n gbà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò lu orin kankan dópin. Á gbé Sunny Adé sí i, ijó á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ̀ wá lára, àkọ́bí olóòkú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ti já a, ó ti ju Àsákẹ́ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ á dìde, wọn ò ní tíì débi tí wọ́n ń lọ, ó tún ti já tiwọn náà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ lábẹ́ kánópì tiwa: ta ni olórin tó dára jù láti ìgbà tí kálukú ti gbọ́njú?

Ọkùnrin ló pọ̀ jù ní tábìlì wa, ẹ sì mọ bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ orin, àfi bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ti bí olórin náà. Ẹnìkan ní Sunny ni, kò sí ìkejì. Ẹnìkan ní Obey ni, pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ń bẹ lẹ́nu tiẹ̀, pé Sunny kàn mọ gìtá ni. Ọ̀kan tó ti Èkó wá ní Fẹlá, ó sì ń wò wá bí ẹni tí kò kàwé. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó jẹ́jẹ́ ní Jim Reeves ni tòun. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ irọ́ kọ́. Láti 1964 tí ọkọ̀ òfuurufú ti pa ọkùnrin yẹn ní Amẹ́ríkà, òun ṣì ni olórin ọ̀sán Sọ́ńdè ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí.

Ó wá kàn mí. Mo ní Orlando Owoh.

Ẹ ò bá gbọ́ ariwo! Ọmọ Oǹdó! Ọmọ Èkìmọ̀gún! Pé Sunny ọmọ ọba wa ń bẹ níbẹ̀, mo wá ń na ọwọ́ sí ará Ọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò jẹ́ kí n ṣàlàyé níbẹ̀ yẹn, mo fẹ́ ṣe é níbí.

Èmi ni mo ń yí àwo nílé wa. Ní Yaba, Oǹdó, la ń gbé nígbà náà, bàbá mi sì ní ṣénjà Garrard kan, ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo orin, pẹ̀lú àpótí sípíkà méjì tí a fi aṣọ bò bí ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án bí kò ṣe òun àti èmi, nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo máa fa àwo yọ nínú páálí, mo máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, mo máa fi òwú nu eruku, mo sì máa sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn. Tí ojú kan bá parí, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ á máa ké kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, èmi á sáré kúrò nídìí ẹ̀wà tí mo ń ṣà, mo máa lọ yí i sí ojú kejì. Bí mo bá pẹ́, bàbá mi á ké láti pálọ̀: "Ṣé etí rẹ ti di ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá àsìkò yẹn, ó lè máa ṣe yín bíi pé orin kan, orin kan ni wọ́n ń kọ sínú àwo. Rárá o. Nígbà tí àwo ńlá gbòde láàárín àwọn onijùjú ní àwọn ọdún 1970, ojú àwo kan lódindi lè jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Orin á wọnú orin láìsí àlàfo. Wọ́n á kí olówó kan, wọ́n á gbàdúrà, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ìlù á dá a lóhùn, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá já a ní ìṣẹ́jú kẹrin dà bí ẹni tí wọ́n ń kí lọ́wọ́ tó yí ẹ̀yìn padà tó bọ́ sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí díjéè yẹn.

Ìdí nìyẹn náà tí òṣùwọ̀n mi fi yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù ní tábìlì. Tí ẹ bá bi mí pé ta ni mo fẹ́ràn jù, ohun tí mo máa ń rántí ni èyí: àwo ta ni ẹnikẹ́ni kò ní kí n gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Sunny, kí ẹ má bàa sọ pé mo kórìíra ilé. Ọkùnrin yẹn dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, ó sì sọ gìtá di ọjà: kálukú wà ní ìsọ̀ rẹ̀, kálukú ń pe oníbàárà, síbẹ̀ ariwo wọn kò dàrú. Ó mú gìtá onírin tí àwọn òyìnbó fi ń kọ orin àwọn darandaran wọnú jùjú. Ẹni tó ń ta á, Demọ́la Adépọ̀jù, òun náà ni Paul Simon ará Amẹ́ríkà pè láti wá ta á nínú àwo Graceland ní 1986. Mélòó nínú àwọn tó ń pariwo Sunny ló mọ orúkọ Demọ́la? Àmọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé wa rèé. Bí àlejò bá ń gbọ́ Sunny, kò ní í pẹ́ tí á fi pè mí: "Ọmọ yìí, gbé e padà síbi tí gìtá yẹn ti wọlé." Wọ́n ń wá ibi tó dùn jù nínú rẹ̀. Ibi tó dùn jù sì pọ̀, mo gbà.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo orin Island gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 1982, lẹ́yìn tí Bob Marley, olórin régè tó wà lọ́dọ̀ wọn, ti kú ní 1981, Juju Music ni wọ́n pe àwo náà. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, wọ́n là wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí etí òyìnbó lè gbà á. Ó dùn, n ò purọ́. Martin Meissonnier ará Faransé tó bá wọn ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n létí ẹni tó ti ń yí àwo láti kékeré, ó dà bí iyán tí wọ́n bu sínú àwo tíì méje. Iyán ni, kì í ṣe iyán Oǹdó.

Ó kan Orlando báyìí. Káfíńtà ni títí di 1958 tí ẹgbẹ́ eléré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kó wá máa lùlù kó máa kọrin. Ní 1960 ó dá ẹgbẹ́ Omimah sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni Young Kenneries, lẹ́yìn ìyẹn ni African Kenneries. Káfíńtà tó kan àga pálọ̀ wa mọ ìtàn yìí lórí. Bí a bá fi Orlando sí i fún un, kì í bá bàbá mi fa ọ̀rọ̀ owó mọ́, nítorí ó ní ẹgbẹ́ òun ló ń kọrin yẹn.

Ohùn rẹ̀ há. Ó dà bí ohùn ẹni tó jí láàárọ̀ tí kò tíì mu omi. Bí mo ṣe wà lọ́mọdé, mo rò pé àwo ló ti bàjẹ́. Kò ní èèyàn rẹpẹtẹ lẹ́yìn bíi Sunny, gìtá rẹ̀ kì í yára, ó ń rìn bí àgbà tó ti jẹun kánú. Àmọ́ nǹkan kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ bò: tí mo bá ti sọ abẹ́rẹ́ lé Orlando, bàbá mi máa ń dákẹ́. Bàbá mi! Ọkùnrin tó ń bá rédíò jiyàn. Kò sí àlejò kankan tó ní kí n gbé e padà, kò sí èyí tó ní kí n gbé e síwájú. Ojú kan á parí, gbogbo wọn á yíjú wò mí pé kí ló ń dá mi dúró. Orin tó ń sọ nípa ìyàwó, nípa ọ̀rẹ́, nípa àìsí owó lọ́wọ́, ohùn ìlú wa wà nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ìlú bú mi, ẹ gbọ́ èyí. Òṣogbo ni wọ́n ti bí Orlando ní 1932. Òṣogbo náà ni wọ́n ti bí Sunny ní 1946. Ọ̀kan, Ifọ̀n àti Ọ̀wọ̀ ni ilé àwọn òbí rẹ̀. Èkejì, ìdílé ọba Oǹdó. Bí ará Òṣogbo bá wá gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ wa lọ́la, kí la fẹ́ sọ?

Ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, 2008 ni Orlando kú. Nígbà tí ìròyìn dé Àkúrẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta síídì ní Arákàlẹ̀ lu orin rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Dele Ojo ni mo máa fi ṣe ẹnìkẹta, ẹ má bi mí pé ta ni. Ará Ìlárá-Mọ̀kín níbí ni, ó ti fun fèrè lẹ́yìn Victor Ọláìyá kó tó dá Star Brothers sílẹ̀. Comfort Ọmọge náà ń bẹ, olórin àṣíkò, ọmọ Ìkálẹ̀, tí gbogbo ìyá mi àgbà fẹ́ràn ju ọkùnrin olórin èyíkéyìí lọ. I. K. Dáírò nìkan ni òṣùwọ̀n mi kò lè wọ̀n. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1963, àwo kékeré ló ń lò, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti gbé abẹ́rẹ́. Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí wọ́n ṣe ń fi àga àgbà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì FUTA ní òṣùwọ̀n mi kò dáa, pé ta ló ń yí àwo mọ́. Ó ní Burna Boy gba Grammy, ẹ̀bùn ńlá àwọn olórin ní Amẹ́ríkà, ní 2021, orúkọ Sunny kàn wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, kò gbà á. Mo ní ẹ̀bùn kọ́ ló ń mú èèyàn gbọ́ orin dópin. Ó wá fi àwo àkọ́kọ́ Àsákẹ́, ti 2022, sórí fóònù mi: orin méjìlá, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ń wọn aṣọ fún oníbàárà lọ́wọ́ ní ìsọ̀ nígbà tó ń lọ. Orin ń wọnú orin. Àwọn ọ̀pọ̀ ohùn ń gbè é lẹ́yìn bí ìgbà tí ìjọ bá ń gbe orin. Ó parí kí n tó mọ̀. Mo sọ fún un pé ó ti kúrú jù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń wo ẹsẹ̀ mi láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n parí ti òkú. Mo dìde, mo lọ bá díjéè, mo fún un lówó, mo ní kó fi Orlando sí i, kó sì lọ jókòó. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Ó fi sí i. Àwọn tó ń pariwo lé mi lórí dákẹ́, ẹ̀gbọ́n tó ní Jim Reeves ń mi orí. Ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Nítorí náà, ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ sọ tiyín. Ọmọ Oǹdó tó bá sì fẹ́ wá bú mi, mo wà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, lójoojúmọ́ àfi Sọ́ńdè. Kó mú àwo rẹ̀ dání. Ṣénjà bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí, mo ti ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i.