Ẹ Kọ Orúkọ Àwọn Tó Fara Pa Náà Sí I

Tí ìlú bá fẹ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn sójà rìsáfù ẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tiwọn nílé, tí wọ́n máa ń pè tógun bá dé, orúkọ àwọn tó kú nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, àwa ò sì ní fi bọpo bọyọ̀ rárá, kò tó.

Ẹ wo Greensburg, ìlú kékeré kan ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ rìsáfù tí wọ́n ń pè ní 14th Quartermaster Detachment wà, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa sẹ́ omi táwọn ọmọ ogun máa mu. Èèyàn 69 péré ni wọ́n. Wọ́n pè wọ́n sógun Gulf tí Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè míì bá Iraq jà ní 1991, wọ́n dé Saudi lọ́jọ́ 19 oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé, ní alẹ́ ọjọ́ 25, mísáìlì Scud tí Iraq jù já lu bárékè tí wọ́n wà ní Dhahran. Èèyàn 28 ló kú, 13 nínú wọn jẹ́ ará ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí, 43 míì nínú ẹgbẹ́ náà sì fara pa. Ẹ̀rọ Patriot tó yẹ kó lọ pàdé mísáìlì yẹn lókè kó fọ́ ọ ò tiẹ̀ yìn rárá, torí wọ́n ti tan án sílẹ̀ ju wákàtí 100 lọ, aago inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti ṣì díẹ̀díẹ̀, sófíwià tó máa tún un ṣe sì dé Dhahran lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì o! Ó ń dùn wá títí dòní.

Ẹni 43 yẹn là ń sọ.

Sójà tó ń gbé bárékè, tó bá fara pa, àárín àwọn tó mọ ogun ló máa padà sí, dókítà sójà wà nítòsí, aládùúgbò ẹ̀ náà ti lọ rí. Rìsáfù ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìyá ẹ̀ ló ń padà sí, ó tún máa lọ jókòó níwájú ọ̀gá ọ́fíìsì tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti rí ogun, táwọn èèyàn bá sì rí i lọ́jà wọ́n á ní ṣebí ó ti dé, ara ẹ̀ ti yá, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tó ń bá a sùn lóru.

Àwọn kan á ní tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ alààyè pọ̀ mọ́ ti òkú, ẹ ti dín iyì òkú kù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, pàápàá lẹ́nu òbí tó sin ọmọ, a ò sì ní bá wọn jiyàn lórí ọgbẹ́ wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì òkúta nígbà náà, kí tàwọn tó kú wà níwájú. Ti owó, orúkọ díẹ̀ sí i ò lè ba ìṣirò ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ohun tá a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún agbẹ́kùúta ni pé kí wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn tó padà wálé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ àwọn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, kí wọ́n má fipá mú un, àmọ́ kí wọ́n fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lára òkúta, torí ó lè yí ọkàn padà lọ́dún mẹ́wàá sí i.