Owó Ìwọlé Ọgbà Ìgbafẹ́ Amẹ́ríkà: Kì í Ṣe Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ọ́

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀gbọ́n wa kan tún sọ ohun tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: pé kò sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà tí èèyàn lè wọ̀ láìsanwó lẹ́nu géètì, àti pé orí ni wọ́n ń kà nínú ọkọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ kún ẹnu mi, n kò lè tètè dá wọn lóhùn.

Great Smoky Mountains, tó wà láàárín Tennessee àti North Carolina, ni èrò ń wọ́ lọ jù nínú ọgbà 63 tí wọ́n ní, àlejò ibẹ̀ ń ju mílíọ̀nù 11 lọ lọ́dún, síbẹ̀ wọn kì í gba kọ́bọ̀ owó ìwọlé. Nígbà tí Tennessee fa ọ̀nà Newfound Gap, tó la ọgbà náà kọjá, lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ní 1951, ó fi sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó ibodè lórí rẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú, tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti owó ibodè wà lára ohun tó dá ogun 1892 sílẹ̀, ló yẹ kó tètè yé.

Èmi àti àbúrò mi jọ lọ síbẹ̀, àwa mẹ́fà nínú ọkọ̀. Láti Gatlinburg, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ni mo ti ka dọ́là sọ́wọ́, tí mò ń retí géètì. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ọgbà sí nìkan ni a rí, a sì kọjá. Ìgbà tí a fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ni àbúrò mi tó san dọ́là 5 nídìí ẹ̀rọ kan, tó sì fi ìwé pélébé tó já bọ́ sẹ́yìn gíláàsì iwájú ọkọ̀. Owó ìgbọ́kọ̀sí ni, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń gbà á lé lórí. Oṣù Kẹta 2023 ló bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ kì í san án.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ọmọ àwọn sanwó ní Yosemite, ọgbà kan ní California. Kí ló kan Tennessee níbẹ̀? Ní Grand Canyon pàápàá, dọ́là 35 ni fún ọkọ̀ àdáni kan pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, fún ọjọ́ 7. Mo gbà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, àlejò láti òkèèrè tó ti pé ọdún 16 ń fi dọ́là 100 lé e ní ọgbà 11, àfi bó bá ní káàdì ọlọ́dọọdún onídọ́là 250. Great Smoky kò sí lára wọn.

Ìwé pélébé yẹn ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, mo sì máa mú un dání lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀.