Ẹ yọ gọ́tà alága kúrò nínú owó tiransfọ́mà

Ẹ̀yin ará mi, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, láti ìgbà tí tiransfọ́mà àdúgbò wa ti jó lẹ́yìn Agric, níbí ní Ìkòròdú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà nínú òkùnkùn. Ẹja jẹrà mọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja lọ́wọ́ nínú fíríìsà. Àwọn télọ̀ ń ra pẹtiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ títí èrè wọn fi tán. Nígbà tí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù wá pín ìwé owó, 15,000 náírà ló kan ojúlé kọ̀ọ̀kan. Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Àtúnṣe tiransfọ́mà ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè. Nísàlẹ̀, láàrin owó wáyà àti owó àwọn òṣìṣẹ́, owó kọnkéré gọ́tà wà níbẹ̀: gọ́tà iwájú ilé alága. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí bóyá ó rí i. Ó ní òun rí i, "ṣùgbọ́n tí a bá kọ̀ ọ́, ìgbà wo ni iná máa dé?" Gbogbo wa san án. Èmi náà san án.

Bí ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè wa ṣe rí gan-an nìyẹn, ó sì ń dùn mí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, Ààrẹ Buhari sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn aṣòfin gé owó iṣẹ́ bíi 4,700 tí ìjọba gbé lọ bá wọn, bílíọ̀nù 347 náírà, wọ́n wá ki iṣẹ́ 6,403 tiwọn bọ̀ ọ́, bílíọ̀nù 578. Ó ṣàròyé tán, ó buwọ́ lù ú. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọrọ̀ ajé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí tún falẹ̀. Òfin wa ò fún ààrẹ láyè láti ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà. Àfi kó gba gbogbo rẹ̀, tàbí kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́dún 2025, BudgIT, àjọ aládàáni kan tó ń tọpinpin bí ìjọba ṣe ń ná owó, ní àwọn ka iṣẹ́ 11,122 tí àwọn aṣòfin fi kún ètò ìṣúná ọdún náà, tírílíọ̀nù 6.93 náírà.

N ò sọ pé kí aṣòfin má mú nǹkan wálé o. Ta ló yẹ kó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí a dìbò fún? Iná sólà tí wọ́n rì sí òpópónà wa, mo dúpẹ́ nígbà tó ń tàn. Ó ti kú báyìí, àwòrán aṣòfin náà ṣì wà lára òpó. Mo wá ẹni tí mo lè bi, wọ́n ní abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ni owó rẹ̀ gbà wá. Kí ló pa ọ̀gbìn àti gílóòbù pọ̀? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún la fi jìyà lórí rẹ̀.

Wọ́n ja irú ìjà yìí ní Amẹ́ríkà náà. Lọ́dún 2005, wọ́n ki owó afárá kan, ó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, bọ inú òfin ọ̀nà, nítorí erékùṣù kan ní Alaska tí nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn ń gbé. Ariwo ta, wọn ò kọ́ afárá náà. Lọ́dún 2011 wọ́n dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n dá a padà ní 2021, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ àti ohun tó béèrè síta fún gbogbo ayé, kó sì buwọ́ lù ú pé òun àti ẹbí òun ò ní jèrè níbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ àwọn aṣòfin wa fún nìyẹn.

Ní ìpàdé wa kan lẹ́yìn náà, ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ dìde, ó ní kí wọ́n máa kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ìwé tirẹ̀. Wọ́n gbà. Oṣù tó tẹ̀lé e, gọ́tà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí dá wá lóun nìkan. A jiyàn lé e lórí fún bíi wákàtí kan, a sì dá owó rẹ̀.