Ìgbà Ara Là Á Búra: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹni Tó Ní Green Card Bèrè Láti Di Ọmọ Amẹ́ríkà?

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ojú ọ̀run gbẹ, ta ni yóò bẹ̀rù ààrá? Ẹni tó fi Ṣàngó búra lákòókò yẹn kàn ń fẹnu ṣòfò ni. Bákan náà, ìbúra ló kẹ́yìn nínú ètò dídi sítísìn, ìyẹn ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ó sì ní ìgbà tirẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Súrùlérè, bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ohun tí ará ilé máa ń bi ẹni tó dé láti òkè òkun ni pé, "Ṣé ọdún márùn-ún ti pé?" Ìbéèrè náà dára, kò kàn tó ni. Ọdún lè pé kí ọjọ́ má pé. Ọjọ́ náà lè pé, kí ìwé má pé.

Ojú green card, káàdì tó fún yín láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Déètì tó wà níbi tí wọ́n kọ "Resident Since" sí ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì ti lo ọdún 5 lẹ́yìn déètì yẹn, lè fi fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí wọ́n fi ń bèrè láti di sítísìn, ránṣẹ́ sí USCIS, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà. Òfin tún gbà á láyè láti fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 90 kí ọdún 5 náà tó pé. Bí káàdì bá sọ 15 June 2021, ọdún 5 pé ní 15 June 2026, ọjọ́ tó yá jù láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sì ni 17 March 2026. Ibi tí àwọn tí ara ń kán ti máa ń ṣubú nìyí: wọ́n á ka oṣù 3 dípò ọjọ́ 90. Láti 15 March sí 15 June jẹ́ ọjọ́ 92. Fọ́ọ̀mù tó bá yá ju bó ṣe yẹ lọ, kíkọ̀ ni wọn yóò kọ̀ ọ́, wọn kì í sì í dá owó rẹ̀ padà: dọ́là 710 fún ẹni tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 760 fún ẹni tó fi bébà ṣe é. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún tàbí ọ̀sẹ̀ kan kún un, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ sítísìn, ọdún 3 ni tirẹ̀, bí wọ́n bá jọ ń gbé pọ̀ fún gbogbo ọdún mẹ́ta náà, tí ẹnì kejì sì ti jẹ́ sítísìn látìbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta yẹn. Bí ìgbéyàwó náà bá túká kí ó tó búra, ọ̀nà ọdún 3 ti dí nìyẹn, àfi kó dúró de ọdún 5.

Ìrìnàjò sílé ló ń da ìṣirò rú jù fún àwa ará Èkó. Ọjà wà ní Ìdúmọ̀tà àti Bàlógùn, ilé ń lọ lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, bàbá kú, ìyá ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n ń gbé ìyàwó. Ohun méjì ni USCIS sì ń wò nínú ìrìnàjò, èèyàn púpọ̀ ló sì ń pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni àròpọ̀ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín fi wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ọdún 5, ó gbọ́dọ̀ tó oṣù 30, ìyẹn ọjọ́ 913. Fún ọ̀nà ọdún 3, oṣù 18 ni, ọjọ́ 548. Ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ wọlé padà, méjèèjì ni wọ́n ń kà mọ́ ti Amẹ́ríkà.

Èkejì ni pé kí ìgbé yín ní Amẹ́ríkà má já. Ìrìnàjò kan ṣoṣo tó bá ju oṣù 6 lọ, tí kò tó ọdún kan, wọn á gbà pé ó ti já, àfi bí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé ilé yín ṣì wà níbẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ kò fi sílẹ̀, ilé tí ẹ ṣì ń san owó rẹ̀, ọkọ tàbí aya àti ọmọ tí kò bá yín kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó já, kò sí àríyànjiyàn. Ọdún 4 àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ni ẹ tó lè tún bèrè. Kódà nígbà náà, ìyókù ìrìnàjò yẹn ṣì wà nínú ọdún 5 tí wọ́n ń wò, wọ́n sì lè ní kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, kó dúró di ọdún 4 àti oṣù 6.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń ta fún ara wọn l'Ékòó, pé kéèyàn ṣáà ti padà kí oṣù 6 tó pé. Èèyàn á lo oṣù 5 nílé, á lo oṣù kan ní Houston, á tún padà wálé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: oṣù 10 lọ́dún kan níta, oṣù 50 láàárín ọdún 5. Oṣù 10 péré ló lò lọ́hùn-ún, ọgbọ̀n oṣù ni òfin sì fẹ́. Àwọn òbí tí ọmọ mú lọ, tí wọ́n ń lọ gbé ọmọ-ọmọ jó tí wọ́n sì ń padà sí Mushin, ibí ni ìṣirò wọn sábà máa ń já sí. Green card fúnra rẹ̀ tún wà nínú ewu, torí òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú lè sọ pé Èkó ni ẹni náà ń gbé ní tòótọ́. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù I-407 síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i láti fi káàdì sílẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lọ rojọ́ níwájú adájọ́.

Re-entry permit, ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, ńkọ́? Ó ń dáàbò bo káàdì fún bí ọdún 2, inú Amẹ́ríkà lẹ sì gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹ bá ń bèrè fún un. Kò ran ìṣirò sítísìn lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó ti pẹ́ ju ọdún kan lọ nílé láìní in, ọ̀dọ̀ kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà ní Victoria Island ni yóò ti lọ bèrè fún físà SB-1, físà ìpadàbọ̀ fún ẹni tó ní green card, yóò sì fi hàn pé ohun tó dá òun dúró ju agbára òun lọ.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ni ìwé tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sì ti ń wá. Ẹ má ju pásípọ́ọ̀tù tó ti kú nù, torí òǹtẹ̀ Ìkẹjà tó wà nínú rẹ̀ lẹ ó fi ka ọjọ́. Èyí tó burú jù ni ìkọ̀sílẹ̀. Ìgbéyàwó tí a ṣe ní rẹ́jísìrì Ìkòyí, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú u. Ẹni tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹlòmíì, tó sì tipa ìgbéyàwó kejì gba green card, kó kọ́kọ́ rí lọ́yà kó tó fọwọ́ kan N-400, torí gbogbo fáìlì látẹ̀yìn wá ni wọn yóò tún ṣí. Bákan náà ni ọmọ tí ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ ń lọ, owó orí tí ẹ kò kéde, àti ìbò tí ẹ dì nígbà tí ẹ kì í ṣe sítísìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fún irú wọn, dídúró sàn ju ìkánjú lọ.

Àwọn kan sì wà tí kò yẹ kó dúró rárá. Ẹni tó ní ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tó ní green card, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún: bí òbí bá búra kí ọmọ tó pé 18, ọmọ náà di sítísìn lọ́jọ́ yẹn láìkọ fọ́ọ̀mù N-400 kankan. Bó bá pé 18 ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ N-400 tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mú bàbá àti ìyá lọ kò lè fi green card ṣe é, sítísìn tó ti pé ọdún 21 ló lè ṣe é. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti ọmọ àgbà tó ń dúró l'Ékòó. Bí òbí tó ní green card bá ti kọ ìwé láti mú un lọ, tí ọmọ náà wá gbéyàwó kí òbí tó di sítísìn, ìwé náà kú. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà, ìgbéyàwó ni. Kí ẹ tó pín aṣọ ẹbí, ẹ bi òbí pé ibo ni N-400 dé.

Ìdánwò tí ẹni tó kọ N-400 gbọ́dọ̀ ṣe, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìtàn òun ìjọba Amẹ́ríkà, kò le bí wọ́n ṣe ń sọ. Fún ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti 20 October 2025, ìbéèrè 128 nípa ìtàn àti ìjọba ni kí ẹ kà, wọn á bi yín ní 20, ẹ gbọ́dọ̀ gba 12. Ẹni ọdún 50 tó ti lo ọdún 20 pẹ̀lú green card, tàbí ẹni ọdún 55 tó ti lo 15, kò ní ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè fi Yorùbá dáhùn nípasẹ̀ ògbufọ̀. Ẹni ọdún 65 tó ti lo 20, ìbéèrè 20 péré ni yóò kà, wọn á bi í ní 10, yóò gba 6.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ìbúra yìí yóò gba ti Nàìjíríà lọ́wọ́ àwọn. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìbúra náà sọ pé ẹ kọ ìjọba mìíràn sílẹ̀, àmọ́ abala 28 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó di ọmọ ìlú mìíràn.

Bí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ lè wá sí Èkó, ṣùgbọ́n ẹ má pàdánù ọjọ́ ìtẹ̀ka tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ìrìnàjò yín má sì pẹ́, torí ìgbé yín ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ já títí di ọjọ́ ìbúra. Lọ́jọ́ ìbúra náà wọn á gba green card lọ́wọ́ yín. Ẹni tó fẹ́ wá ṣe ọdún Kérésì nílé, kó gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì rí i pé ti Nàìjíríà kò tíì kú.