Ọmọ Tí Kò Dé Oko Baba Ẹlòmíràn Rí

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí ló ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń wo The Hundred-Foot Journey, fíìmù tí Lasse Hallström darí lọ́dún 2014. Fíìmù ẹ̀rín ni. Kí ẹ tó jókòó dáadáa lẹ ó ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ má ṣáà fi ebi wò ó.

Ìdílé Kadam sá kúrò ní Íńdíà nígbà tí àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé oúnjẹ wọn, tí iná náà sì pa ìyá wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí abúlé kan nílẹ̀ Faransé, bàbá wọn sì ṣí ilé oúnjẹ síwájú ti ìyá Faransé kan, Madame Mallory, gan-an. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ló là wọ́n láàárín, bíi mítà 30. Ọmọdé á sá a já kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà méjì yìí ò lè kọjá rẹ̀ láti tọ́ ọbẹ̀ ara wọn wò. Ìyá jí lọ sọ́jà, ó ra ohun tí bàbá máa fi dáná sílẹ̀ kí bàbá tó dé. Tọ̀tún tòsì ń gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ìlú. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ilé oúnjẹ tó dáńtọ́, ló ń dun ìyá náà. Ọ̀kan ló ní, èkejì ló ń wá. Iléeṣẹ́ táyà ló ni ìwé ìràwọ̀ yìí: ọdún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè máa rìnrìn àjò, kí táyà wọn sì máa jẹ. Ìràwọ̀ wọlé lọ́dún 1926. Méjì ń sọ pé oúnjẹ ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ yà kúrò lọ́nà. Mẹ́ta, ó tó ohun tí a ń torí ẹ̀ nìkan gbéra nílé. Ẹ ò rí nǹkan? Ìrìn ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ, ìyá tó ń kú lé ìràwọ̀ lórí ò sì lè sọdá títì.

Ṣùgbọ́n Hassan, ọmọ bàbá, gbé oúnjẹ wá bá a. Ìyá tọ́ ọ wò, ó dà á sínú ìdọ̀tí. Ibí ni mo ti dúró. Ọmọ inú òwe, àìdé-oko ló ń dà á láàmú; ẹ mú un débẹ̀, ó tán. Ẹni tó débẹ̀, tó rí i pé ó tóbi, tó wá bínú ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ń bu iṣẹ́ ẹnìkan kù, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé n ò tíì tọ́ ọ wò ni, àbí mo ti tọ́ ọ, ó sì dùn jù?

Nígbà tó yá, alásè ìyá yìí kan kó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ dáná sun ọ̀dọ̀ àwọn Kadam. Ìyá lé e lọ, ó sì lọ fọ ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n kọ sára ògiri wọn nínú òjò. Iná ti jó Hassan lọ́wọ́. Ó fẹ́ din ẹyin fún ìyá, àmọ́ ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì ò lè pa ẹyin. Ó ń sọ, ìyá ń ṣe é: ìyá ló pò ó, ata àti èròjà ilé Hassan sì bọ́ sínú páànù rẹ̀. Ó bù ú sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dà á nù.