Ariwo Ọláìyá, Nọ́mbà Keje

Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábẹ́ afárá Ọláìyá nírọ̀lẹ́, tó na fóònù sókè, tó dijú pọ̀, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì ló ń wá. Ariwo ló ń kó. Tó bá délé, á ki íyápíìsì sétí, á sọ ọ́ di àwòrán: ọ̀kadà á di ìlà pupa, jẹnẹrétọ̀ á di dúdú kirimu, ẹni tó ń pe "Ìkìrun! Ìkìrun!" á di àbàwọ́n ìyeyè. Òṣogbo ti kún fún wọn.

Àṣà ọ̀hún ti pẹ́ láyé. Kandinsky, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà, gbọ́ orin Schoenberg, akọrin-sílẹ̀ ará Austria, ní Munich lóṣù kìn-ín-ní 1911, ó sì kùn ún. Nílé ńbí, ijó ló gbé ayàwòrán Twins Seven-Seven dé Mbárí Mbáyọ̀, ojúkò àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo. Múráínà Oyèlámì tó ń kun àwòrán, òun kan náà ló ń lu dùndún. Etí wọn ti mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ wọn tó kàn án.

Iṣẹ́ yìí ní ìlànà, ẹ dákun. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ láì mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ ka iye ohùn tó wà níbẹ̀. Èyí tí kì í dáwọ́ dúró ni kó jẹ́ ilẹ̀ àwòrán. Èyí tó ń já wọlé lójijì ni kó jẹ́ àmì. Gúdúgúdú kò gba búrọ́ọ̀ṣì oní-íǹṣì mẹ́ta. Ìyáàlù ló ni ìyẹn. Àwọ̀ mẹ́ta tó. Kí ìkíní gbẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí èkejì tó gùn ún. Ta ló ráyè? Wọ́n á da pupa, àwọ̀ ewé àti aró lura ní tútù, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀, wọ́n á ní "ìdàrúdàpọ̀ ìlú" nìyẹn. Aṣọ àwòrán tó yẹ kó gba gesso, ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n fi sáńpépà ha á díẹ̀ láàárín, ọ̀dà ògiri ni wọ́n dà sí i ní gbayawu. Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹfun inú rẹ̀ ló pọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré; wọ́n bá ká aṣọ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í já bí èèpo ẹ̀pà. Ìyẹn náà ní orúkọ: "Ọ̀làjú Tó Ń Wó".

Ti onídùndún ló wá pabanbarì. Dùndún kì í ṣe ariwo, ọ̀rọ̀ ni: dò, rè, mí. Onílù rí ẹni tó na fóònù sí i fún odindi wákàtí kan, tí kò fi náírà kan lé e lórí. Ó bá fi ìlù dá a lóhùn: "Ahun ni ọ́, ahun ni bàbá ẹ." Oníṣẹ́ ọnà ń mirí, ara rẹ̀ ń bù máṣọ. Ó fi ìyeyè kun "ahun", ó fi aró kun "bàbá", ó gbé e kọ́ ògiri, ó pè é ní "Ìpè Àwọn Alálẹ̀".

Lọ́jọ́ ìṣípàtẹ, wọ́n á tún pe onílù kan náà sẹ́nu ọ̀nà, kó wá dá àlejò lára yá. Á wo àwòrán, á wo ẹni tó kùn ún, á fún ọṣán mọ́ra, á tún un lù. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́.